Ẹṣin tí ojú rẹ̀ wú: kí ẹ tó béèrè abẹ́rẹ́

Fọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ní ìdájí. Ẹṣin pupa kan tó ní àmì funfun níwájú orí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún wú rọ̀bọ̀tọ̀ lábẹ́ ojú, àfi bí ẹni tó kó ẹ̀pà sẹ́nu tí kò tíì gbé e mì. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé fọ́tò náà kò gùn: "Dókítà, ẹ kú àárọ̀ o. Abẹ́rẹ́ wo ni ká gún un?" Ojúde Ọba ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ pé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, kò sí ìdílé balógun tó fẹ́ kí ẹṣin tí ojú rẹ̀ wọ́ gbé òun lọ síwájú ọba.

Mo dá wọn lóhùn pé fọ́tò kì í gbóòórùn, kò sì lè sọ bóyá ibi tó wú gbóná tàbí ó tutù, bóyá ó le tàbí ó rọ̀. Mo ní kí wọ́n má gún un ní nǹkan kan títí n óò fi dé.

Ojú wíwú kì í ṣe orúkọ àìsàn. Ó dà bí ìgbà tí ọmọdé bá ní inú ń run òun. Ebi lè mú inú run, aràn lè mú un run, ìbẹ̀rù ìdánwò gan-an lè mú un run. Ìyá tó bá sáré fún ọmọ ní oògùn aràn nígbà tí ebi ń pa á, oògùn ló fi ṣòfò, ebi ṣì wà níbẹ̀. Ojú ẹṣin náà rí bẹ́ẹ̀: eyín lè mú un wú, omi lè mú un wú, ọyún, oró ejò, egungun tó kán, oúnjẹ pàápàá. Oògùn tó dára fún ọ̀kan lè ba òmíràn jẹ́. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni dexamethasone, oògùn tó ń mú ìwú fà, tí àwọn kan ń dà pọ̀ mọ́ penicillin tó ń pa kòkòrò àrùn, ní gbogbo ibi tí nǹkan bá ti wú. Ojú á kọ́kọ́ fà, gbogbo ilé á máa dúpẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ á tún wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmì tí a ìbá fi mọ ohun tó ń ṣe é á sì ti pòórá. Oògùn yẹn ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò àrùn bá ti ba sínú egungun, ńṣe ló ń de ọwọ́ àwọn ọmọ ogun ara.

Nígbà tí mo dé ilé ẹṣin náà, Alhaji tó ni ẹṣin ti dá ẹjọ́ tán. "Ejò ni, Dókítà. Ejò ló bù ú jẹ níbi koríko."

Mo yíjú sí ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ẹṣin náà. Àwọn wọ̀nyí ni mo máa ń fetí sí jù, torí àwọn ló ń sun ibi tí ẹṣin ń sùn. Mo bi í pé nígbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó ní kó tó di pé òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa ni òun ti ń rí i, bí oṣù méjì, àmọ́ ó kéré nígbà yẹn. Ó ní ẹṣin náà ti ń pẹ́ nídìí oúnjẹ, pé bí ó bá jẹ koríko dé ìdajì, á tu ú sílẹ̀ ní ìdì kékeré kékeré. Ó tọ́ka sílẹ̀. Lóòótọ́, ìdì koríko jíjẹ tó dà bí ìká owú wà káàkiri lẹ́bàá ibùjẹ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ejò parí sí lójú tèmi. Oró ejò kì í lo oṣù méjì. Imú àti ètè ni ejò sábà máa ń bù jẹ lára ẹṣin, torí imú ni ẹṣin ń nà sí ohun tó bá ṣàjèjì sí i, láàárín wákàtí díẹ̀ sì ni gbogbo ojú á wú, pẹ̀lú ìrora. Ẹṣin kì í fi ẹnu mí bíi tiwa. Imú nìkan ni ọ̀nà èémí rẹ̀. Bí ihò imú méjèèjì bá wú pa, ẹṣin á kú níṣojú ẹni. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ síi yín, tí dókítà ṣì wà lójú ọ̀nà, ẹ lè gé rọ́bà omi tó mọ níwọ̀n, kí ẹ fi iná tàbí pépà yùn-ún-yùn-ún mú etí rẹ̀ dán, kí ẹ fi òróró pa á, kí ẹ sì kì í sínú ihò imú kọ̀ọ̀kan kó tó wú jù. Ẹ má fi ọ̀bẹ la ibi tí ejò ti bù ú jẹ, ẹ má sì so okùn mọ́ ọn.

Ọwọ́ méjèèjì ni mo máa ń gbé lé ojú ẹṣin lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bí ẹni tó fẹ́ gbá ọmọ rẹ̀ lójú mú. Ojú lè tanni jẹ, ọwọ́ méjì kì í sábà tanni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ló wú tàbí méjèèjì, bóyá egungun ló ga sókè tàbí ẹran tó bo egungun. Lẹ́yìn náà mo fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́, mo ka ení dé ẹ̀wá, mo sì gbé ọwọ́ kúrò. Bí kòtò bá ṣẹ́kù níbẹ̀ bí ìgbà tí a fi ìka tẹ ìyẹ̀fun pípò, omi ló kóra jọ sábẹ́ awọ. Bí kò bá jin rárá, egungun ni tàbí ohun tó dì. Bí awọ bá ń dún lábẹ́ ìka bí ìgbà tí èèyàn ń fún ọ̀rá nylon mọ́wọ́, afẹ́fẹ́ ló wọ abẹ́ awọ, ẹ máa wá ibi tí egungun ti kán tàbí tí egbò wà.

Ti ẹṣin pupa yìí, egungun ni. Ẹ̀gbẹ́ kan ni. Ó gbóná díẹ̀, ẹṣin sì fà sẹ́yìn nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Mo wá gbé imú mi sún mọ́ ihò imú òsì: òórùn koríko lásán. Mo yí sí ihò imú ọ̀tún, mo sì yára gbé orí kúrò. Ẹni tó bá ti gbọ́ òórùn eyín tó jẹrà rí kò ní gbàgbé rẹ̀. Ikun dídì aláwọ̀ ewé díẹ̀ ti gbẹ mọ́ ètí ihò náà, èyí tí wọ́n ti ń fi aṣọ nù kúrò láràárọ̀ pẹ̀lú èrò pé ọ̀fìnkìn ni.

Orí ẹṣin gùn, àmọ́ kì í ṣe egungun dídì ló kún inú rẹ̀. Lọ́tùn-ún lósì ni àwọn yàrá òfìfo wà nínú egungun ojú, tí afẹ́fẹ́ kún wọn, tí wọ́n sì ń ṣí sínú imú. Èyí tó tóbi jù wà lábẹ́ ojú. Inú rẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò àwọn èrìgì òkè (eyín tí ẹṣin fi ń lọ oúnjẹ) tó wà lẹ́yìn yọrí sí, egungun tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì bò wọ́n. Èrìgì ẹṣin kò dà bí tiwa. Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n, mẹ́fà mẹ́fà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà lẹ́nu ẹṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dàgbà sì lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Díẹ̀ ló yọ síta lára rẹ̀. Ìyókù rì mọ́ inú egungun, á máa yọ jáde ní mìlímítà 2 sí 3 lọ́dún bí koríko ti ń jẹ ẹ́ run lókè. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sán tàbí tí oúnjẹ bá ráyè wọ inú rẹ̀, àrùn á sọ̀kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò, ọyún á kún yàrá yẹn, á máa ṣàn jáde nípasẹ̀ ihò imú ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa: ọ̀fìnkìn àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró sábà máa ń mú ihò imú méjèèjì ṣàn. Ihò imú kan tó ń ṣàn tó sì ń rùn jẹ́ ọ̀rọ̀ eyín títí ẹnìkan yóò fi sọ pé kì í ṣe òun.

Mo fi ìka kan egungun náà kọ́kọ́kọ́, lósì àkọ́kọ́. Ó dún bí àgbá òfìfo. Lọ́tùn-ún, ó dún bí àmù tó kún.

Mo ti fẹ́ máa kó irinṣẹ́ mi nígbà tí mo rí ẹṣin funfun kan ní ìkángun ilé. Kò sẹ́ni tó pè mí nítorí rẹ̀. Ojú rẹ̀ fẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹyinjú dé òkè imú, lọ́tùn-ún lósì bákan náà, bí ẹni tó fi amọ̀ lẹ̀ ẹ́. Mo bi Alhaji pé kí ló ṣe eléyìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyẹn sanra ni. Òun ló ń jẹun jù nínú wọn." Kí ló ń jẹ? Dùsà, ìyẹn èérí ọkà. Láàárọ̀ dùsà, lálẹ́ dùsà, koríko díẹ̀ láàárín.

Ojú ẹṣin kì í sanra. Ọ̀rá lè gun ọrùn, ó lè gun ìdí àti egungun ìhà, àmọ́ egungun ojú tó fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tó le, tí kò dun ẹṣin bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, àìsàn oúnjẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni ara fi ń kọ́ egungun, wọ́n sì gbọ́dọ̀ bára mu nínú oúnjẹ: kálísíọ̀mù ni kó pọ̀ jù, ó kéré tán kí ó tó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Nínú èérí àlìkámà, ńṣe ni ọ̀rọ̀ náà dojú dé. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ lè tó ìlọ́po 8 kálísíọ̀mù tàbí jù bẹ́ẹ̀, èérí ọkà yòókù náà kò sì ní kálísíọ̀mù tó tó nǹkan. Ara kò lè fara da kí kálísíọ̀mù dín nínú ẹ̀jẹ̀, torí òun ni ọkàn àti iṣan fi ń ṣiṣẹ́. Á wá máa yá a lára egungun. Egungun àgbọ̀n àti ti ojú wà lára àwọn tó kọ́kọ́ máa ń san gbèsè yìí. Bí kálísíọ̀mù ti ń jáde, ẹran dídì tó dà bí okùn ń wọlé rọ́pò rẹ̀, ojú á wú, eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kí ojú tó wú pàápàá, ẹṣin á ti máa tiro, lónìí ẹsẹ̀ iwájú, lọ́la ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí kò sẹ́ni tó rí ojú egbò kankan.

Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, àrùn àwọn ọlọ́lọ̀ ni wọ́n ń pè é, torí ilé ẹni tó ń lọ àlìkámà ni èérí ti máa ń pọ̀ fún ẹṣin. Gẹ̀ẹ́sì tún ń pè é ní big head. Ohun tó ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú ni pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi hàn pé kálísíọ̀mù kò dín. Kò lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀: egungun ló ń tú àpò fún ẹ̀jẹ̀. Ẹ wo inú ibùjẹ kí ẹ tó wo ìwé àyẹ̀wò. Mo ní kí wọ́n dín dùsà kù pátápátá, kí koríko pọ̀, kí wọ́n sì ra limestone lílọ̀, òkúta tó ní kálísíọ̀mù, tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ adìẹ, kí wọ́n máa wọn ún sí oúnjẹ ní ìwọ̀n tí mo kọ sílẹ̀. Egungun lílọ̀ nìkan kò tó, torí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà nínú òun náà. Ó máa gba oṣù púpọ̀. Títiro rẹ̀ lè lọ, àmọ́ bí ojú bá ti fẹ̀ tán, ó lè má padà sí bó ṣe wà.

Ìwú olómi ní tirẹ̀ yàtọ̀ gan-an. Èyí tó rọrùn jù nínú rẹ̀ kì í ṣe àìsàn rárá: ẹṣin tí wọ́n so mọ́lẹ̀ tí orí rẹ̀ ń wolẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ lè ní ìmú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú, torí omi ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ tú u sílẹ̀, ẹ mú un rìn fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ̀lú orí sókè. Bí ó bá fà, ẹ ti rí ìdáhùn láìná kọ́bọ̀. Àmọ́ ẹ béèrè ohun tó mú kí orí rẹ̀ wolẹ̀, torí ẹṣin tó ń ṣàìsàn náà máa ń dorí kodò.

Bí ibi jíjìn tó wà lókè ojú ẹṣin bá wá kún, tí ìpéǹpéjú wú, tí ara sì gbóná, ẹ má fi falẹ̀. Ibi jíjìn yẹn ló máa ń tú àṣírí àrùn tí wọ́n ń pè ní African horse sickness. Kòkòrò kékeré kan tó ń mu ẹ̀jẹ̀, tó kéré sí ẹ̀fọn dáadáa, ló ń gbé e kiri, láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, pàápàá nígbà òjò. Kò ní oògùn tó ń wò ó, abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ló wà, irú rẹ̀ tó ń mú ojú wú sì ń pa ju ìdajì àwọn ẹṣin tó bá mú. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ilé àrùn náà, ṣùgbọ́n ó máa ń rìnrìn àjò. Ní 1987 àwọn zebra tí wọ́n kó wá láti Nàmíbíà gbé e dé Spain, ní 2020 ó sì bẹ́ sílẹ̀ ní Thailand, ó pa ẹṣin tó lé ní ọgọ́rùn-ún márùn-ún. Kò ní ràn yín, ẹ̀yin tó ń tọ́jú ẹṣin, àmọ́ ó yẹ kí dókítà ẹranko ìjọba gbọ́ lọ́jọ́ náà. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ tí eṣinṣin tsetse ń gbé náà lè mú ojú, ikùn àti ẹsẹ̀ wú, pẹ̀lú ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ àti ẹnu tó funfun. Ó ti pẹ́ tí èyí ti ń bá wa fínra. Ẹṣin ni òpó agbára Ọ̀yọ́ ilé, kò sì rọrùn fún wọn láti tọ́jú ẹṣin púpọ̀ nínú igbó. Eṣinṣin yìí wà lára ìdí.

Ìwú tó bá wà láàárín egungun àgbọ̀n méjèèjì nísàlẹ̀, tó gbóná, tó ń dun ẹṣin, tí ihò imú méjèèjì sì ń da ikun, strangles ni kí ẹ fura sí. Kòkòrò Streptococcus equi ló ń fà á. Ó ń rànni lọ́nà tí kò ṣeé fẹnu sọ láàárín ẹṣin sí ẹṣin: omi mímu kan náà, ìjánu kan náà, ọwọ́ olùtọ́jú kan náà ti tó. Nígbà tí ọkọ̀ ẹrù bá ń kó ẹṣin láti òkè ọya wá fún àríyá ni mo máa ń retí rẹ̀. Ẹ ya ẹṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ máa fi tẹmómítà wò ó lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Láàárín 37.5 sí 38.5 ló yẹ kó wà. Ibà sì máa ń ṣáájú ikun imú pẹ̀lú ọjọ́ kan tàbí méjì. Kókó náà dà bí éèwo, ẹ jẹ́ kó pọ́n kí dókítà tó la á. Bí ó bá ti san tán, tí gbogbo ojú àti ẹsẹ̀ sì tún wá wú ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn náà, ara ẹṣin ló ń bá ara rẹ̀ jà. Àwọn oògùn bíi dexamethasone níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìwọ̀n.

Nǹkan díẹ̀ ló kù. Ẹṣin ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin lè ní kókó líle nísàlẹ̀ àgbọ̀n níbi tí eyín ti ń pààrọ̀. Bí kò bá dùn ún, tí kò sì ń ṣọyún, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹṣin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sí pápá koríko tútù lè ní ìwú rírọ̀ lábẹ́ etí méjèèjì, á lọ bí ó bá wọlé. Ẹnìkan sì ti pè mí rí pé ẹ̀gbẹ́ òsì ojú ẹṣin òun wú. Nígbà tí mo dé, ẹ̀gbẹ́ òsì kò ní nǹkan kan. Apá ọ̀tún ló ti rọ, ètè rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, torí ó sùn lé okùn orí tó fún jù, irin okùn náà sì tẹ iṣan ojú.

Ẹ̀rọ ẹ́síréè ló fi ìdí ọ̀rọ̀ ẹṣin pupa náà múlẹ̀. Nínú yàrá abẹ́ ojú ọ̀tún, ìlà kan tó tẹ́jú pẹrẹsẹ wà bí ojú omi nínú ife: ọyún nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ lókè. Gbòǹgbò èrìgì kẹrin ti di kùkùté. Èyí ló máa ń bàjẹ́ jù nínú àwọn èrìgì òkè, òun náà ló sì dàgbà jù, ó máa ń hù nígbà tí ẹṣin bá tó nǹkan bí ọmọ ọdún kan. Wọn kò dá ẹṣin náà dùbúlẹ̀. Wọ́n fún un lóògùn tó mú kó tòògbé lórí ìdúró, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ojú náà má bàa mọ ìrora, wọ́n fi irin lanu rẹ̀, wọ́n sì mi eyín náà díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí. Nígbà tó jáde, ọmọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ gbà á sọ́wọ́, ó gùn tó ìka àárín rẹ̀, ìdí rẹ̀ dúdú. Ó wé e sínú nylon, ó ní òun fẹ́ fi han Alhaji, kí Alhaji rí ejò tó bu ẹṣin jẹ.

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ẹṣin mìíràn ni Alhaji gùn. Mo gba ilé ẹṣin náà kọjá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn nígbà tí ìlù ṣì ń dún lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹṣin pupa náà dúró nídìí koríko, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu méjèèjì lọ̀ ọ́.